Ẹ̀tọ́ Ṣáájú Àánú: Ìwé Ìlàlóye fún Ẹni tí Ìjàǹbá Sọ Di Aláàbọ̀ Ara àti fún Àwọn Ará Ilé Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé ni ilé ìtọ́jú máa ń kó lé aláìsàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ó bá ń padà sílé, èyí tí ó sọ bí yóò ti máa lo oògùn, èyí tí ó sọ ọjọ́ tí yóò tún wá fún àyẹ̀wò, èyí tí ó sọ iye tí ó kù ní sísan. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dáhùn ìbéèrè tí ó máa ń jẹ baálé ilé tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ lọ́kàn, tàbí ìyá ọlọ́jà tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, ní òru nígbà tí gbogbo wọ́ọ̀dù bá ti sùn, pé níbo ni òun yóò ti rí owó tí òun yóò fi tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí ìbéèrè yìí ni a ṣe kọ ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín.

Kì í ṣe òní ni ilẹ̀ wa ti mọ̀ pé kí egungun jinná nìkan kò tó. Ilé ìwòsàn Igbóbì, ní Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí egungun rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀ kí ó tó di ilé ìwòsàn ní ọdún 1945, ìtọ́jú tí wọ́n sì ń fún wọn ni èyí tí yóò mú wọn padà bọ̀ sípò láàrin àwọn ènìyàn wọn. Ọ̀nà yẹn náà ni a fẹ́ kí ẹ̀yin pẹ̀lú tọ̀, a sì ní ohun kan pàtàkì láti sọ nípa rẹ̀.

Ohun tí a ń rí, tí ó sì ń dùn wá dé ọkàn, ni pé àwọn ará ilé a máa kọ́kọ́ sáré lọ tọrọ àánú, wọn a máa gbé àwòrán ọgbẹ́ kiri láti ìjọ dé mọ́ṣáláṣí àti láti ilé iṣẹ́ rédíò kan dé èkejì, nígbà tí owó tí òfin ti yà sọ́tọ̀ fún ènìyàn wọn wà níbì kan tí ó ń dúró de lẹ́tà kan ṣoṣo, tí ọjọ́ lẹ́tà náà sì ń kọjá lọ. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín ná. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ké sí aráyé.

Owó tí òfin fún yín

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ni ìjàǹbá náà ti bá yín, Òfin Owó Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ni ẹ ó dì mú. Òfin yìí pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san iye tí ó tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò kan lọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń tọ́jú owó yìí, kí ó má sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì nìkan ni òfin náà wà fún, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: lébìrà tí wọ́n gbà fún ìgbà díẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ọ̀gá rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán gbà láìsí ìwé, òfin ka gbogbo wọn mọ́ òṣìṣẹ́. Kódà bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ni ẹ wà, tí ẹ ń ti ilé lọ sí ibi iṣẹ́ tàbí tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá sílé, òfin kò ta yín nù.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Láàrin ọjọ́ 14 sí ìgbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ni ẹ ó ti fi tó ọ̀gá tàbí alábòójútó ibi iṣẹ́ létí, kí ẹ sọ orúkọ ẹni tí ó fara pa, àkókò, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ó fà á. Láàrin ọjọ́ 7 ni ọ̀gá náà yóò ti kọ̀wé sí àjọ. Ọdún kan péré ni a sì fún ẹni tí ó fara pa láti béèrè owó náà. Ẹni tí ó wà lórí ibùsùn kò lè dìde lọ kọ lẹ́tà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 yìí, ọrùn ìyàwó, ọkọ, ọmọ tàbí àbúrò ni ó wà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹni tí ó gbà á sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tí ó kù lọ́wọ́ yín. Bí àwọn dókítà bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé aláìsàn kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí láé, owó tí òfin là sílẹ̀ fún un ní oṣooṣù jẹ́ ìdá 90 nínú 100 owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Nígbà tí ẹ̀rọ bá gé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ní sọ́míìlì, ọ̀gá mìíràn a wá pẹ̀lú ọsàn, búrẹ́dì àti owó díẹ̀ nínú àpòòwé, yóò sì mú ìwé kan lọ́wọ́ pé kí ọmọ náà fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ dúpẹ́ oore náà, nítorí ọ̀gá tí ó wá kí ni sàn ju èyí tí ó fara pamọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ìwé náà. Òfin kò fọwọ́ sí àdéhùn kankan tí òṣìṣẹ́ fi yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń dá owó ìfẹ̀yìntì pamọ́ fún lábẹ́ òfin ọdún 2014, kò dìgbà tí ẹ bá pé ẹni 50 ọdún kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, bí dókítà bá ti jẹ́rìí pé ara yín kò gbé iṣẹ́ náà mọ́. Ọlọ́kadà tàbí ọlọ́jà tí ọkọ̀ kọlù, tí kò ní ọ̀gá tí yóò kọ̀wé sí, kò yẹ kí ó lọ sílé lọ́wọ́ òfo: láti ìgbà òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1945 ni ó ti di dandan kí ọlọ́kọ̀ ní ìwé adójútòfò tí yóò san owó fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣe léṣe. Ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ẹ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ adójútòfò náà, kí ẹ tó sọ pé ẹ ti fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Owó ẹgbẹ́ àti ti aráyé

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹni tí ó ti ń dá àjọ, tàbí tí ó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ó rán ènìyàn lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kíákíá, nítorí ẹgbẹ́ púpọ̀ ni ó máa ń yọ̀ǹda kí ẹni tí ìjàǹbá bá kó owó rẹ̀ ṣáájú ẹni tí ó kàn. Mùsùlùmí tí gbèsè ilé ìwòsàn wọ̀ lọ́rùn wà lára àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, kò sì sí ìtìjú nínú kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìmáàmù rẹ̀. Ní Èkó, àjọ LASODA, tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2011, ni ẹ ó lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ké sí gbogbo aráyé, ẹni tí ó fara pa ni kí ẹ kọ́kọ́ bi bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. A ti rí àgbàlagbà tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ níhòòhò ọgbẹ́, tí kò lè gbójú sókè ládùúgbò mọ́ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá. Ẹ wọ aṣọ fún un, ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ àti èyí tí ó fẹ́ ṣe nísinsìnyí, kí ó sì dárúkọ ohun tí owó náà yóò rà: ẹ̀rọ ìránṣọ, owó ṣọ́ọ̀bù, kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni kí ó wà lórí àkáǹtì tí owó yóò wọ̀. Kí àgbàlagbà kan tí kì í ṣe ẹbí máa kọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sílẹ̀, kí wọ́n sì máa kà á sétí gbogbo ènìyàn, nítorí ìjà lórí owó àánú ti tú ilé ká ju ìjàǹbá fúnra rẹ̀ lọ.

Gbèsè yíyá ni kí ó kẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ lẹ́yìn tí òwò bá ti ń mówó wọlé. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ní pàtàkì, ẹ yẹra fún àwọn ayánilówó orí fóònù tí wọn kì í béèrè onídùúró, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń kó orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù yín; ní ọjọ́ tí owó bá pẹ́, àna yín àti pásítọ̀ yín ni wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ránṣẹ́ sí, gẹ́gẹ́ bí ológò ayé àtijọ́ tí í jókòó ti ajigbèsè lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọdún 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, ti ń fi orúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀; èyí tí kò bá sí nínú ìwé àjọ náà, ẹ má bá a da nǹkan pọ̀.

Bí ẹ ó ti pín owó náà

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, owó a máa wọlé wìtìwìtì. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ a dá. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ẹ ti ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ìtọ́jú, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ẹ má sì gbàgbé ohun tí ara yóò máa béèrè lẹ́yìn ilé ìwòsàn: kùkùté ẹsẹ̀ tí wọ́n gé a máa súnkì láàrin oṣù mélòó kan, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àkọ́kọ́ yóò sì tú, ẹ ó sì ní láti tún un ṣe tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ yóò máa ra rọ́bà ìtọ̀, yóò sì nílò ìrọ̀rí tí kò ní jẹ́ kí ìdí rẹ̀ di egbò. Ẹni tí ó bá fi gbogbo owó rẹ̀ ra ọjà láìṣírò èyí, ọjà náà ni yóò tún tà láti fi tọ́jú egbò.

Ọwọ́ ẹni tí ó fara pa ni kí àṣẹ owó náà wà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n gé, wọn kò gé e lọ́gbọ́n.

Bí ọjọ́ 14 náà kò bá tíì pé, ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń ka ìwé yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ wá bébà àti bírò, kí ẹ kọ lẹ́tà yẹn lónìí.