Ọrùn Gìtá Lásìkò Ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú dáadáa, tí ètè ń là, tí ilẹ̀kùn tó ń há nígbà òjò wá ń ṣí wẹ́rẹ́, ẹ gbé gìtá yín, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí nǹkan bá ń gún yín bí ẹ̀gún, ẹ má rò pé irin ló gùn sí i. Àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn, tí àwọn onígìtá ń pè ní fùrẹ́ẹ̀tì, kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Igi tó gbé wọn dání ló súnkì.

Igi tí a gé, tí a là, tí a fá, tí a sì fi ṣe gìtá, kò jáwọ́ nínú mímu omi. Inú rẹ̀ dà bí ìdì koríko oníhò tí a so pọ̀ ṣinṣin. Ògiri àwọn ihò náà ń fa ọ̀rinrin látinú afẹ́fẹ́, ó sì ń dá a padà bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Bó bá fa omi, á wú. Bó bá tú u sílẹ̀, á súnkì. Ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Òòró rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìdí nìyẹn tí gìtá tó bá là fi máa ń là gba òòró igi. Ojú gìtá tí kì í lo iná kò nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ, bẹ́ẹ̀ okùn onírin mẹ́fà ń fà á pẹ̀lú agbára tó tó kílò 70, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Igi tó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó tún máa gbẹ táútáú.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá, mo rí i pé ọrùn tèmi ti ń funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara. Mo wọ ilé ìdáná, mo bu òróró ẹ̀pà, mo fi pa á. Ó dán fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ mi níka, eruku bò ó, kí òjò tó dé ó ti ń kan. Bàbá tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní: "Ọmọ mi, ebi kọ́ ló ń pa á. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣì dì mú. Òróró kò lè dípò omi. Gbogbo ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ẹnu ihò wẹ́wẹ́ ojú igi, kí omi tó kù nínú igi má baà tètè sá lọ. Nítorí náà, ìmọ́tótó ló gba iṣẹ́ jù, òróró kò ju díẹ̀ lọ.

Ẹ tú okùn náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dẹ̀. Ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e nígbà tó ṣì le. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ fùrẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan dáadáa. Ẹ ó rí ìlà dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, bí ìdọ̀tí abẹ́ èékánná. Òógùn, ọ̀rá ara àti eruku ló dì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi etí káàdì báǹkì tó ti lo ìgbà rẹ̀ tán ha á jẹ́jẹ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ti rọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fún un títí kò fi ní kán mọ́, ẹ fi nu ún, kí ẹ sì fi gbígbẹ nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ọṣẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí kàn-ìn-kàn onírin ìfọkòkò.

Òróró tí wọ́n ń tà fún ọrùn gìtá, tó máa ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́, epo tí wọ́n yọ láti inú epo rọ̀bì tí wọ́n sì sẹ́ mọ́ kedere ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í kan, kì í sì í lẹ̀ bíi ti òróró oúnjẹ. Ẹ kán an bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sórí aṣọ, kì í ṣe sórí igi, ẹ fi ra ọrùn náà já. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá nù ún títí aṣọ kò fi ní rí nǹkan kan mú mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó.

Igi tí kò ní fánísì lójú nìkan ni èyí wà fún: rósíwúùdù, tàbí ébónì dúdú tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Kamẹrúùnù wá. Ọrùn tó pupa rẹ́súrẹ́sú tó sì ń dán bí àwo ti ní fánísì, bẹ́ẹ̀ náà ni ara gìtá fúnra rẹ̀. Òróró kò ní ríbi wọ̀. Aṣọ gbígbẹ ni tiwọn. Bó bá sì jẹ́ fayolínì lẹ ní, ẹ má tú gbogbo okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn ló ń tẹ afárá orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà ló ń jẹ́ kí ọ̀pá kékeré tó dúró nínú rẹ̀ dúró. Bí gbogbo rẹ̀ bá dẹ̀ pọ̀, ọ̀pá náà lè ṣubú.

Ó wá ku omi. Àwọn tó ń ṣe gìtá fẹ́ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú 100, ọyẹ́ kì í sì í fún wa ní ìdajì ìyẹn nígbà mìíràn. Ẹ mú ike ọṣẹ olómorí, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i lára, ẹ rẹ fóòmù sómi kí ẹ fún un dáadáa, ẹ tì í sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú àpótí gìtá, níbi orí rẹ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí igi má baà wú kọjá ààlà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ tún fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí ọrùn náà: ẹnu irin tó ń gún yín á ti wọlé padà.