Ẹgbẹ́ Orílẹ̀-èdè àti Ìjọba Àwaarawa: Ta Ni Òfin ECOWAS Ń Dè?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ wà lápá kan, ọba Èkó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ogun lé kúrò lórí ìtẹ́ ní ìparí ọdún 1851, tí òun àtàwọn ènìyàn rẹ̀ sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, wà lápá kejì. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní wá ọ̀nà láti gba Èkó padà mọ́, ìbáà ṣe pẹ̀lú ìhàlẹ̀, ogun tàbí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Ó gbà pé wọn kò ní kó ẹrú gba Pálímà lọ sókè òkun mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé Pálímà àti Lẹ́kì jẹ́ èbúté tí Kòsọ́kọ́ yóò ti máa ṣòwò, pé Ọba Dòsùmú ti Èkó yóò sì máa fún un ní owó ẹyọ tí iye rẹ̀ tó dọ́là 1,000 lọ́dọọdún.

Pé kí wọ́n jáwọ́ nínú òwò ẹrú jẹ́ ohun tó tọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé náà dáadáa: bí Kòsọ́kọ́ bá yẹ àdéhùn, ọkọ̀ ogun wà nítòsí tí yóò fi ojú rẹ̀ rí nǹkan. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá yẹ àdéhùn ńkọ́? Kò sí ìjìyà kankan fún un. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861, àwọn kan náà gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùmú fúnra rẹ̀, ọba tí àwọn ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ìwé àdéhùn mìíràn ni wọ́n sì fi gbà á.

Láti ọjọ́ náà títí di òní, ìbéèrè ta ni àdéhùn ń dè ṣì wà nílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ ìjọba àwaarawa ló sì kàn lónìí. Ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa ṣe ìjọba àwaarawa? Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, Mali, Burkina Faso àti Niger, jáde kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ọ̀rọ̀ náà kan Ẹ̀pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní òkun. Èbúté ńlá tuntun tó ṣí ní Lẹ́kì lọ́dún 2023, àti ilé ìfọpo Dangote tó lè fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́, agbègbè Ẹ̀pẹ́ àtijọ́ ni wọ́n wà, ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n kọ́ wọn.

Ìjọba àwaarawa kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ dá ECOWAS sílẹ̀; òwò ni. Èkó ni wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé náà ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 15 ló sì wà níbẹ̀. Àwọn méjì tó sá sókè sá sódò jù lọ ni Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Gnassingbé Eyadéma ti Tógò. Sójà ni àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe ìbò ló gbé wọn dé ipò. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwọn sójà ẹlẹgbẹ́ Gowon yọ ọ́ nípò nígbà tó wà níbi ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Kampala. Nàìjíríà kò pàdánù àyè rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ kan.

Ogun Làìbéríà ló yí èrò wọn padà. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 1989, àwọn tó ń sá àsálà ya wọ àwọn ìlú tó wà ní àyíká, ECOWAS sì kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀ ní 1990, èyí tí wọ́n pè ní ECOMOG, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn olórí rí i pé ìṣàkóso burúkú ní ìlú kan kì í dúró sí ààlà ìlú náà. Ní 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde ní Àbújá pé àwọn fara mọ́ ìjọba àwaarawa.

Àwọn wo ló kéde rẹ̀ o? Ìjọba ológun ló wà ní Nàìjíríà nígbà náà. Ní oṣù Karùn-ún 1997, sójà lé Ahmad Tejan Kabbah, ẹni tí ará ìlú dìbò yàn, kúrò lórí oyè ní Sàró. Ní oṣù Kẹta 1998, ọmọ ogun ECOMOG tí Nàìjíríà ṣaájú wọn dá a padà sí Freetown. Sani Abacha ló ń jẹ olórí Nàìjíríà nígbà yẹn. MKO Abíọ́lá, ẹni tó borí nínú ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, wà látìmọ́lé, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù Keje 1998. Inú mi dùn sí ohun tí àwọn ọmọ ogun wa ṣe fún Sàró. Ó sì dùn mí títí di òní pé ohun tí wọ́n kú lé lórí nílẹ̀ òkèèrè kò sí nílé fún àwọn òbí wọn.

Ẹgbẹ́ mìíràn, Commonwealth, gbé ìgbésẹ̀ tirẹ̀ lórí Abacha. Ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Ògóni, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1995. Ní ọjọ́ kejì, Commonwealth dá Nàìjíríà dúró, kò sì gbà wá padà títí di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1999. Ìlú òyìnbó púpọ̀ kọ̀ láti fún àwọn tó wà nínú ìjọba náà ní físà. Wọn kò ti ẹnubodè pa, oúnjẹ kò sì tìtorí rẹ̀ wọ́n ní ọjà Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó ṣẹ̀ ni ìyà náà kọ́kọ́ dé bá. Ṣíṣí tí ẹnubodè ṣí yìí kan náà ló gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là. Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ àti àwọn ọ̀nà inú igbó tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà NADECO ni àwọn tó ń jà fún June 12 gbà sá lọ sí Bẹ̀nẹ̀. Wọlé Ṣóyínká gbà á. Bọ́lá Ahmed Tinúbú gbà á.

Lẹ́yìn tí sójà padà sí bárékè ní Nàìjíríà, ECOWAS wá kọ òfin tó le. Ní Dakar, ní oṣù Kejìlá 2001, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò ní gba ẹnikẹ́ni tó bá gba ìjọba tàbí tó bá jókòó sórí ìjọba lọ́nà tó lòdì sí ìwé òfin ìlú rẹ̀. Wọ́n ní òfin ìdìbò kò gbọdọ̀ yí padà gidi láàárín oṣù mẹ́fà tó ṣáájú ìdìbò, àyàfi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olóṣèlú bá fọwọ́ sí i. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò dárúkọ sójà nìkan. Ẹni tó jókòó tí kò fẹ́ dìde náà wà níbẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti lò ó tó so èso rere ni Gámbíà. Yahya Jammeh pàdánù ìdìbò ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 2016, ó gbà, ó sì tún yí ọ̀rọ̀ padà. Adama Barrow tó wọlé búra ní ọ́fíìsì aṣojú Gámbíà ní Dakar ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní 2017. Ọmọ ogun ECOWAS wọ ìlú náà lọ́jọ́ yẹn, Jammeh sì jáde kúrò nílùú ní ọjọ́ 21. Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo agbára ẹgbẹ́ náà dojú kọ, ará ìlú sì ti sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ ogun tó dé.

Ṣùgbọ́n ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ṣáájú ìdìbò yẹn ni àǹfààní ńlá kan ti bọ́ lọ́wọ́ ECOWAS. Ní ìpàdé Accra, oṣù Karùn-ún 2015, wọ́n gbé àbá kan kalẹ̀ pé kí ààrẹ kankan má ṣe lò ju sáà méjì lọ. Tógò àti Gámbíà kọ̀, wọ́n sì gbé àbá náà tì. Ibẹ̀ gan-an, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ní 2020, Alpha Condé yí ìwé òfin Gíní padà kó lè gba sáà kẹta, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn tó jáde ṣe ìwọ́de. ECOWAS kò fi ìyà kankan jẹ ẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, sójà gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ìyà sì dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Alassane Ouattara gba sáà kẹta ní Côte d'Ivoire ní 2020, ó sì tún gba ìkẹrin ní 2025. Ní Tógò, wọ́n yí ìwé òfin padà ní 2024, ọmọ Eyadéma sì wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ oyè tuntun.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó wo Niger. Tinúbú di alága ECOWAS ní ọjọ́ 9 oṣù Keje 2023, ó sì sọ níbẹ̀ pé àwọn kò ní gba ìfipágbàjọba mọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, sójà yọ Mohamed Bazoum, ààrẹ Niger, nípò ní Niamey. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ECOWAS fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ní àwọn lè fi ogun gbé Bazoum padà. Wọ́n ti ẹnubodè. Wọ́n di owó Niger mú. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń fún wọn, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí wọ́n ń tàn, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń lọ. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kò fara mọ́ ogun, ogun náà kò sì wáyé.

Àwọn wo ni ìyà náà jẹ? Ọkọ̀ akẹ́rù tò gba ọ̀nà kan ní Malanville ní Bẹ̀nẹ̀, ní ẹ̀bá odò Ọya, ẹrù ń bàjẹ́ nínú wọn. Àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi sọdá, èyí tí ará Ẹ̀pẹ́ tó mọ ọ̀sà yóò tètè yé pé kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń kó ọjà orílẹ̀-èdè kan. Iná kú ní ilé ìwòsàn àti ní ilé oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn Haúsá tí ààlà pín sí méjì, tí ọmọ ìyá kan wà ní Kàtsínà, tí èkejì wà ní Maradi, ni ọ̀rọ̀ náà le fún jù. Àwọn ọ̀gágun kò kúrò. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2024, ECOWAS ká ìyà náà kúrò láìjẹ́ pé Bazoum gba òmìnira, Mali, Burkina Faso àti Niger sì ti kéde ní oṣù Kìíní pé àwọn ń lọ.

Èrò àwọn kan ni pé ohun tó tọ́ nígbà náà ni kí ECOWAS padà sí ọ̀rọ̀ òwò nìkan, kí oníkálukú máa ṣe ilé rẹ̀ bó ṣe wù ú. Àpẹẹrẹ wà fún wọn. NATO kọ ọ̀rọ̀ ìjọba àwaarawa sínú ìwé rẹ̀ ní 1949, síbẹ̀ Salazar ti Pọtogí, tí kò gba alátakò láyè, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, sójà sì gbàjọba ní Gíríìsì àti Tọ́kì láìjẹ́ pé a lé wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kì í gbà ọ́ wọlé láìjẹ́ pé o ní ilé ẹjọ́ tó dá dúró àti ìdìbò tòótọ́, ṣùgbọ́n tí o bá ti wọlé tán, ó nira kí wọ́n tó gba ẹ̀tọ́ ìbò lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ Hungary fi èyí hàn, nítorí gbogbo àwọn yòókù ló gbọ́dọ̀ panu pọ̀.

Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. NATO ń ṣọ́ ààlà. ECOWAS ṣí ààlà. Láti 1979 ni òfin ti wà pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ìlú ara wọn kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹgbẹ́ tó bá ṣílẹ̀kùn fún ara wọn báyìí kò lè sọ pé òun kò fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí: ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá. Obìnrin kan láti Niger, tí wọ́n tà lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12, pe ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ní 2008, ilé ẹjọ́ náà dá Niger lẹ́bi pé kò dáàbò bò ó, ó sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 10 owó CFA fún un. Ohun tí Campbell fi ọkọ̀ ogun bèèrè lọ́wọ́ Kòsọ́kọ́, obìnrin yìí fi ìwé ẹjọ́ gbà á lọ́wọ́ ìjọba tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè dá àwọn tó jó ní òpópónà Niamey àti Ouagadougou nígbà tí sójà gbàjọba lẹ́bi tán. Àwọn agbébọn ti ń pa wọ́n ní abúlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí wọ́n dìbò fún kò sì lè dá a dúró. Nígbà tí wọ́n wo ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn ààrẹ tó ń gbèjà ààrẹ ni wọ́n rí.

Ẹ wo Bẹ̀nẹ̀, aládùúgbò wa. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025, àwọn sójà kan fẹ́ gbàjọba lọ́wọ́ Patrice Talon. Ọkọ̀ òfurufú ogun Nàìjíríà dé lọ́jọ́ náà gan-an, ECOWAS kó ọmọ ogun jọ, ìdìtẹ̀ náà sì já. Mo fara mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni tó ní ẹbí ní Àjàṣẹ́ tàbí Kétu kò ní fẹ́ kí Bẹ̀nẹ̀ di pápá ogun. Ṣùgbọ́n ní 2019, wọn kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ alátakò kankan du ipò aṣòfin níbẹ̀, gbogbo àga 83 sì bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn Talon. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n sọ sáà ààrẹ di ọdún méje dípò márùn-ún. Kò sí ọkọ̀ òfurufú tó gbéra nítorí èyí, mi ò sì ní kó gbéra. Ìkìlọ̀ tó le, ìdádúró nínú ìpàdé, dídènà ìrìn-àjò àwọn tó fọwọ́ sí i: èyí wà nínú agbára ECOWAS, kò sì lò ó.

Nàìjíríà ló yẹ kó gbé àbá sáà méjì ti Accra padà wá sórí tábìlì, nítorí òun ló tóbi jù, òfin tirẹ̀ sì ti gbà pé sáà méjì tó. Ó tún yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyà kò gbọdọ̀ kan iná, oúnjẹ, oògùn àti ẹnubodè àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà. Owó àti ìrìn-àjò àwọn tó wà nípò ni kí ó máa kàn. Ìdìbò ọdún 2027 sì ń bọ̀ nílé wa, òfin oṣù mẹ́fà yẹn sì de Nàìjíríà bó ṣe de Gíní.

Ará Ẹ̀pẹ́ tí ìjọba bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú mọ́lẹ̀ lè gba ilé ẹjọ́ ECOWAS lọ lónìí, kò tilẹ̀ pọn dandan kó kọ́kọ́ parí ẹjọ́ nílé. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2025, ará Niamey kò ní àǹfààní yẹn mọ́, kò sì sí ẹni tó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á kúrò.