Àfòmọ́-Iná nínú Ẹ̀rọ Orin: Ipò Ẹ̀rọ àti Ọ̀rọ̀-Ìperí tí ó Bá a Mu

1. Ìfáárà

Bí ènìyàn bá tan ẹ̀rọ orin rẹ̀ láì tí ì fi àwo kankan sí i, ohun tí ó yẹ ni pé kí sípíkà dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kì í dákẹ́. Ó lè máa kùn bí oyin inú ihò igi. Ó lè máa ṣe ṣìì bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Ó sì lè máa ta pàpà bí iná inú igbó nígbà ọyẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń kó gbogbo wọn pọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ògbufọ̀ bá sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní tààrà, 'ariwo' ni ó máa ń kọ.

'Ariwo' kò gbé ìtumọ̀ náà délé. Lọ́nà kìíní, ohun tí ó bá pọ̀ létí ni Yorùbá ń pè ní ariwo, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí à ń wí yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò lè gbọ́ ọ nígbà tí ó ṣì wà nínú wáyà. Lọ́nà kejì, 'ariwo' kò sọ ibi tí ìró náà ti wá, ibi tí ó ti wá gan-an ni ó sì ń sọ bóyá gbígbé ẹ̀rọ kúrò lójú kan lè wò ó sàn. Ìdí nìyí tí àpilẹ̀kọ yìí fi so ọ̀rọ̀-ìperí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ipò ẹ̀rọ.

Àwọn àgbà a máa wí pé àfòmọ́ kò ní egbò, igi gbogbo ni ó ń bá tan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú ìró wọ̀nyí rí: wọn kò ní orísun nínú orin, ara wáyà tí ó ru orin ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Nítorí pé àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń lo 'àfòmọ́' fún ohun mìíràn nínú gírámà, 'àfòmọ́-iná' ni a ó máa lò níhìn-ín, kí ìdàrúdàpọ̀ má baà wà.

2. Ibi tí ẹ̀rọ ti ṣe aláìlágbára jù

Ẹ̀yà mẹ́ta pàtàkì ni ẹ̀rọ orin ní: èyí tí ń ka àwo tàbí téèpù, áńpílífáyà tí ń sọ àmì kékeré di ńlá, àti sípíkà tí ń sọ àmì di ohùn. 'Àmì' ni ìṣàn iná kékeré tí ó ru orin nínú wáyà.

Àmì tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ sídì lè tó fóólùtì 2. Èyí tí ń jáde láti orí abẹ́rẹ́ olóòfà ti ẹ̀rọ àwo kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún fóólùtì kan lọ. Ìyẹn ni pé ti sídì fi ìlọ́po 400 jù ú lọ. Oríṣi orí abẹ́rẹ́ mìíràn wà tí àmì tirẹ̀ kò tó ìdá 1 nínú 10 ti èyí. Àfòmọ́-iná tí kò lè pa sídì lára yóò bo irú àmì bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí a bá ń gé àwo, a máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ má baà fẹ̀ jù. Áńpílífáyà ni yóò dá a padà sí bí ó ti wà. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà RIAA ti ọdún 1954, ohùn tí ń mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni áńpílífáyà ń gbé ga ní nǹkan bí ìlọ́po 7 ju èyí tí ń mì ní ìgbà 1,000 lọ. Ìgbà 50 yìí kan náà ni iná ìjọba ní Nàìjíríà àti ní Bìrìtìkó ń parí ìyípo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà àti Bùràsíìlì, ìgbà 60 ni. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀rọ ti ń ran ohùn ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ gan-an ni kíkùn iná jókòó sí.

3. Bí àfòmọ́-iná ṣe ń wọlé

Ní ọdún 1831 ni Michael Faraday fi hàn pé bí agbára òòfà tí ó gba àárín wáyà tí ó pé yípo bá ń yí padà, iná yóò ṣàn nínú wáyà náà, bí nǹkan kan kò tilẹ̀ fara kàn án. Iṣẹ́ yìí ni tíránsífọ́mà ń ṣe nínú áńpílífáyà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú òòfà rẹ̀ máa ń jò síta. Orí abẹ́rẹ́, nítorí pé wáyà kíká ni ó wà nínú rẹ̀, yóò gba òòfà tí ó jò náà gẹ́gẹ́ bí ẹni pé orin ni.

Agbára òòfà yìí kì í rìn jìnnà. Bí àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì bá di ìlọ́po 2, ó ń lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 1 nínú 8. Bí ó bá di ìlọ́po 3, ó di nǹkan bí ìdá 1 nínú 27. Ẹni tí ó bá sún ẹ̀rọ àwo rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 20 sí 60 ti ṣe ohun tí wáyà olówó gọbọi kò lè ṣe fún un. Bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi bo wáyà àmì, èyí tí a lè pè ní asà, ń dá agbára iná dúró; kò lè dá òòfà ìgbà 50 dúró. Irin nípọn ni ó lè dín ìyẹn kù.

Ọ̀nà kejì ni wáyà. Bí wáyà iná àti wáyà àmì bá jọ tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan yóò ran èkejì. Ọ̀nà kẹta ni afẹ́fẹ́: ṣájà, ẹ̀rọ tí ń dín ìmọ́lẹ̀ iná kù, àti fóònù alágbèéká. Fóònù tí ó bá ń lo ìlànà GSM máa ń tan, ó sì máa ń pa, ní nǹkan bí ìgbà 217 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí sì ni ó ń fa ìró tìtì-tìtì tí sípíkà máa ń ṣe kí ìpè tó wọlé.

4. Ipò tí ó yẹ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan

(i) Kí a má ṣe gbé ẹ̀rọ àwo lé orí áńpílífáyà. Ọwọ́ ọ̀tún ni apá abẹ́rẹ́ máa ń wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ àwo. Nítorí náà ọwọ́ òsì ẹ̀rọ àwo ni ó yẹ kí áńpílífáyà wà. Ẹ̀rọ téèpù pẹ̀lú kò gbọdọ̀ súnmọ́ tíránsífọ́mà.

(ii) Kí wáyà iná gba ẹ̀gbẹ́ kan, kí wáyà àmì gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọn yóò bá pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn bí àgbélébùú. Kí a má ṣe ká èyí tí ó gùn jù nínú wọn jọ pọ̀ mọ́ èkejì.

(iii) Kí ṣájà àti fóònù jìnnà sí ẹ̀rọ àwo àti wáyà rẹ̀.

(iv) Kí a dán an wò kí a tó fi ìdí ẹ̀rọ múlẹ̀. Kí a tan áńpílífáyà, kí a gbé ohùn dé ibi tí a máa ń gbé e dé, kí àwo má yí. Lẹ́yìn náà kí a rọra máa sún ẹ̀rọ àwo, kí a sì máa yí áńpílífáyà padà. Ibi tí kíkùn bá ti kéré jù ni ipò rẹ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ fi kún un pé ínfátà tí iná rẹ̀ kò yí bọ́rọ́bọ́rọ́ bí ti ìjọba, ṣùgbọ́n tí ó ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò, máa ń mú kí kíkùn le sí i. Inú wáyà iná fúnra rẹ̀ ni irú àfòmọ́ yìí ń gbà wá, nítorí náà sísún ẹ̀rọ nìkan kò lè tán an.

5. Ìró àbínibí

Ìró ṣìì yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 1928, John B. Johnson àti Harry Nyquist, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tẹ àlàyé jáde pé ooru ara ohunkóhun tí iná ń gbà kọjá ń mú kí iná kékeré máa ta gìrìgìrì nínú rẹ̀, láìsí pé ohun kan wá láti ìta. Bí ooru bá pọ̀ sí i, tàbí bí ohun náà bá ń ṣòro fún iná láti gbà kọjá, ìró náà yóò pọ̀ sí i. Èyí kì í ṣe àfòmọ́ rárá. 'Ìró àbínibí' ni ó yẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní ariwo lè máa gbé ẹ̀rọ kiri yàrá láti àárọ̀ di alẹ́ nítorí ohun tí ipò kò lè wò sàn.

6. 'Ilẹ̀' méjì tí kò gbọdọ̀ di ọ̀kan

Ibi tí àṣìlò ọ̀rọ̀ ti lè pa ènìyàn nìyí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà ń lò fún ohun méjì. Èkíní ni wáyà tí ó so páálí irin ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀, tí ó bá ẹsẹ̀ tí ó gùn jù lára púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ. Bí iná fóólùtì 230 bá já sára páálí náà, wáyà yìí ni yóò gbé e lọ sílẹ̀ kí fíúsì lè jó. Èkejì ni ojúkò tí a ti ń wọn àmì, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara ẹ̀rọ àwo ń so mọ́ ìdè kan ní ẹ̀yìn áńpílífáyà. Bí èyí bá tú, ẹ̀rọ yóò kùn gan-an.

Nígbà tí ẹ̀rọ méjì bá ní wáyà ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wáyà àmì sì tún so wọ́n pọ̀, wọ́n ti di òrùka, kíkùn yóò sì máa yí po nínú rẹ̀. Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí a gé 'ilẹ̀'. Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òǹkàwé lè gé wáyà tí ń dáàbò bo ẹ̀mí rẹ̀. Ìwòsàn tí kò léwu ni pé kí gbogbo ẹ̀rọ gba iná láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí òrùka náà lè kéré. Bí kò bá tó, a lè fi tíránsífọ́mà kékeré pàtàkì la wáyà àmì láàárín. Wáyà ààbò kò ṣeé gé ní ọ̀nàkọnà.

7. Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

Àfòmọ́-iná: ìró tí ó ti ìta wọ inú àmì, ipò ẹ̀rọ lè dín in kù.
Kíkùn: àfòmọ́-iná tí ó ti ara ìyípo iná ìjọba wá.
Ìró àbínibí: ìró tí ooru ń bí nínú ẹ̀yà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ipò kò kàn án.
Asà: ohun tí a fi bo wáyà àmì láti dá agbára iná dúró.
Wáyà ààbò-ilẹ̀: èyí tí ń gba ẹ̀mí là.
Ìpìlẹ̀-àmì: ojúkò tí a ti ń wọn àmì.
Òrùka-ilẹ̀: yípo tí wáyà ààbò-ilẹ̀ àti asà wáyà àmì jọ ṣe.

Nínú àwọn méje yìí, wáyà ààbò-ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀-àmì ni kò yẹ kí a fi àyè sílẹ̀ fún àyípadà ìtumọ̀ nínú ìwé kíkọ́ni tàbí ìwé ìlò ẹ̀rọ. Níbikíbi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá ti lo ọ̀rọ̀ kan fún méjèèjì, ojúṣe ògbufọ̀ ni láti wo àwòrán ẹ̀rọ náà, kí ó mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, kí ó tó mú kálámù.