Irinṣẹ́ Tí Ó Yẹ Kí Gbẹ́nàgbẹ́nà Tuntun Kọ́kọ́ Rà

Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wọ́pọ̀ ní àárín wa pé kí àwọn ará ìjọ dá owó jọ láti bá a ra irinṣẹ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n a ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ ńlá tí ó ń lo iná mànàmáná ni a máa ń sáré rà, nítorí pé òun ni ó dùn-ún wò lọ́jọ́ tí a bá ń gbé e lé e lọ́wọ́. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀rọ náà yóò fi wà ní igun ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ àpò, tí ẹni tí a rà á fún yóò sì máa yá ayùn kiri. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ẹlẹ́po kí ó tó ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tí owó kékeré lè rà tí yóò sì wúlò.

Ní ti pákó tí ó nípọn tí ó sì pọ̀, kí ẹ̀rọ ẹlòmíràn fá a. Ní ọjà pákó, irú èyí tí ó wà ní Bódìjà ní Ìbàdàn, a lè la pákó kí a sì fá a, kí a san owó iṣẹ́ ọjọ́ náà nìkan.

Ayùn ni kí a fi ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ayùn tí ó wà lórí àtẹ lónìí ni a ti fi iná mú eyín rẹ̀ le. Ẹ ó rí i pé orí eyín náà dúdú. Ó mú, ó sì ń pẹ́ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kú, fáìlì kò lè ràn án mọ́, nítorí pé eyín rẹ̀ ti le jù fún fáìlì. Èyí tí àwọ̀ eyín rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ara irin yòókù ni a lè fi fáìlì onígun mẹ́ta pọ́n léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni a sì fara mọ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Eyín mẹ́jọ sí mẹ́wàá nínú ìǹṣì kan tó fún iṣẹ́ gbogbo. Eyín tí a fi ń la igi ní òòró rí bí ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì kéékèèké. Èyí tí a fi ń gé e ní ìbú rí bí ẹnu ọ̀bẹ. Ẹni tí ó bá lè ra ẹyọ kan ṣoṣo, kí ó ra ti ìbú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ayùn náà sókè, ẹ fi ojú kan wò ó láti ìdí dé orí. Bí ó bá wọ́, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ìfági ní tirẹ̀, tòkunbọ̀ ni kí ẹ wá. Láti ọdún 1869 tí ilé iṣẹ́ Stanley ti ra ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Leonard Bailey ni ìfági onírin ti ń jẹ́ ọ̀nà kan náà, nítorí náà èyí tí ó ti dàgbà lè dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ fi rúlà gún ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò dáadáa bóyá ó ti sán, kí ẹ sì rí i pé irin tí ó ń fá igi náà ṣì gùn. Ìpẹtà kò bani lẹ́rù. Sáńpépà yóò bójú tó o.

Skúíà tí kò tọ́ yóò ba àga mẹ́wàá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tí àṣìṣe ti wá. Ẹ gbé e ti etí pákó tí ó tọ́, ẹ fa ìlà kan, ẹ yí i padà sí òdìkejì, ẹ tún fa ìlà láti ojú ibi kan náà. Bí ìlà méjèèjì bá bo ara wọn, ó tọ́. Bí wọ́n bá yà, ìlọ́po méjì àṣìṣe rẹ̀ ni ẹ ń wò yẹn. Ẹ lè ṣe èyí níwájú ìsọ̀ náà, kí ọlọ́jà tilẹ̀ bínú.

Ṣísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀: ìdámẹ́rin ìǹṣì, ààbọ̀ ìǹṣì àti ìǹṣì kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé ni òkúta ìpọ́n. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, ibi òkúta yìí sì ni kí owó náà gbà: kí ojú kan rẹ̀ le, kí ojú kejì kúnná. Bí kò bá sí, dígí tí ó nípọn pẹ̀lú sáńpépà olómi, láti orí èyí tí ó le dé orí èyí tí ó kúnná, yóò ṣe é. Láti mọ̀ bóyá ṣísẹ́ẹ̀lì mú, ẹ fi gé orí igi arère. Igi náà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí irin tí kò mú yóò fi ya á wẹ́wẹ́. Irin tí ó mú yóò fi í sílẹ̀ ní dídán.

Kò yẹ kí a ra òòlù onígi tí a fi ń lu ṣísẹ́ẹ̀lì. Ajẹkù igi àpá yóò fún wa ní ọ̀kan. Bí a bá sì fi gúlúù lẹ pákó méjì tí kò sí ohun ìdè, kí a fi okùn wé e yíká, kí a fi ọ̀pá kékeré yí okùn náà títí yóò fi fún. Arère tàbí àfàrà ni kí a fi kọ́ṣẹ́, kì í ṣe ìrókò olówó iyebíye.

Ó ku ohun ìbòmú, tí kò ṣe é fi sílẹ̀. Ní ọdún 1995 ni àjọ àgbáyé tí ó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ka ẹ̀kù igi mọ́ àwọn ohun tí ó ń fa jẹjẹrẹ sára ènìyàn. Ẹ̀kù ìrókò àti ti másóníà tún máa ń ta ojú, imú àti awọ ara. Ẹ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ ó rà kí ẹ tó kọ hámà àti ìṣó.