Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé ràkúnmí lè gbé Kọ́bapẹ́?

Ẹ ti rí fídíò oko ràkúnmí inú aṣálẹ̀, àbí? Ṣé a lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù?

 

1. Ọ̀tá ràkúnmí níbí ni eṣinṣin tsetse. Eṣinṣin yìí máa ń gbé kòkòrò àìfojúrí sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran, ẹran á máa rù títí á fi kú. Ràkúnmí kò lè fara dà á. Ewúrẹ́ kúkúrú tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ilé yín ńkọ́? Ó ń fara dà á. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o!

2. Síbẹ̀, ẹran aṣálẹ̀ ti dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, kó ewúrẹ́ Kalahari Red wá láti South Africa. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ gùn, ó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òbúkọ rẹ̀ lè wọn 100 kílò. Tiwa kì í sábà ju 30 lọ. Àwọn olùwádìí ń mú un gun ewúrẹ́ ilé wa, kí ọmọ lè jogún ìtóbi bàbá àti ìfaradà ìyá. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni, ó sì wù wá kó dé ọwọ́ àgbẹ̀ Kọ́bapẹ́.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sin ewúrẹ́. Irú wo lẹ ní nílé?