Nọ́ńbà Kan fún Ìpínlẹ̀ Púpọ̀

Ìbéèrè tí a gbé wá lálẹ́ òní ni èyí: bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá la ìpínlẹ̀ mẹ́wàá kọjá, èwo nínú wọn ni ó yẹ kí ó gba owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀? Gbogbo wọn ni ọkọ̀ náà tẹ ọ̀nà wọn mọ́lẹ̀. Bí olúkúlùkù bá sì ní kí ó san owó kíkún, ọlọ́kọ̀ yóò ti jẹ gbèsè kí ẹrù tó gúnlẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìgbà kan wà tí awakọ̀ ń kan nọ́ńbà ìpínlẹ̀ bíi mélòó kan mọ́ iwájú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Láti ọdún 1973 ni àdéhùn tí wọ́n ń pè ní International Registration Plan ti ń tún ọ̀ràn náà ṣe. Ní ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kù ní gbèdéke ọdún 1996 láti wọ inú rẹ̀. Lónìí, ìpínlẹ̀ 48, olú-ìlú Washington àti ẹkùn 10 ní Kánádà ni ó wà níbẹ̀. Alaska àti Hawaii kò sí nínú wọn.

Ọlọ́kọ̀ yóò lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní ìpínlẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ nìkan ni yóò ti sanwó. Ibẹ̀ náà ni yóò ti gba nọ́ńbà kan àti ìwé àṣẹ kan tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè fi han ọlọ́pàá. Ọ́fíìsì náà ni yóò pín owó fún àwọn ìpínlẹ̀ yòókù.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò ṣe àlàyé. Ká ní ọkọ̀ kan tí ibùdó rẹ̀ wà ní Illinois rin máìlì 100,000 láàárín oṣù méjìlá: 50,000 ní Illinois, 30,000 ní Indiana, 20,000 ní Ohio. Illinois yóò gba ìdajì owó kíkún tirẹ̀. Indiana yóò gba ìdá 30 nínú 100 owó tirẹ̀. Ohio, ìdá 20 nínú 100. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe owó kan náà ni wọ́n ń pín. Olúkúlùkù ni ó ní iye tí ó fi lélẹ̀, ìdá tí ó tọ́ sí i nínú iye yẹn ni yóò sì gbà.

Ìwé àkọsílẹ̀ ìrìn ni òpómúléró ètò yìí. Bí àwọn ayẹ̀wéwò bá rí i pé àkọsílẹ̀ ọlọ́kọ̀ kò péye, wọ́n lè bu ìdá 20 nínú 100 owó tí ó ti san lé e lórí. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ó di ìdá 50. Ní ìgbà kẹta, ó di iye owó náà gan-an. Nítorí náà, ọlọ́kọ̀ tí kò kọ ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ gbà sílẹ̀, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni ó ń fi tọrẹ.

Síbẹ̀, nọ́ńbà yìí kò parí gbogbo ọ̀rọ̀. Owó-orí epo ní àdéhùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹrù tí ó bá sì tóbi ju ìwọ̀n òfin lọ nílò ìyọ̀ǹda pàtàkì.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò sọ àṣẹ rẹ̀ nù. Wọ́n kàn fi ohùn ṣọ̀kan pé ẹni tí a gba ọ̀nà rẹ̀ ni kí ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò dín, kò lé.