Ìtàn Àtẹ̀léra àti Ohùn Òǹkàwé: Kí Ni Ìwé Àkójọ Ń Gbà Lọ́wọ́ Wa?

Ìfáàrà

Iṣẹ́ púpọ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá àti ọgbọ́n ìsọ̀tàn wọn. Òǹkàwé kò rí irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ gbà. Bí a bá tilẹ̀ mẹ́nu bà á, ohun tí a rò pé ó yẹ kí ó rí nínú ìwé ni a sábà ń sọ, kì í ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun rí. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ yẹ èrò àwọn òǹkàwé wò lórí ẹ̀yà lítíréṣọ̀ kan tí ó gbára lé wọn púpọ̀. Èyí ni ìtàn àtẹ̀léra, ìtàn tí ó kọ́kọ́ jáde ní apá-apá nínú ìwé ìròyìn tàbí ìwé àtìgbàdégbà, tí a wá kó jọ sójú kan gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìdúró òǹkàwé láàárín apá kan àti èkejì jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Ìwé àkójọ lè pa ọ̀rọ̀ ìtàn mọ́ láìsí ìyípadà kankan, síbẹ̀ kò lè pa ìdúró yìí mọ́. Inú ẹ̀rí àwọn òǹkàwé àkọ́kọ́ nìkan ni a ti lè rí i.

Àpẹẹrẹ láti Jàpáànì

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ètò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Ní Jàpáànì, inú ìwé àtìgbàdégbà ni ọ̀pọ̀ ìtàn aláwòrán tí wọ́n ń pè ní manga ti ń kọ́kọ́ jáde, kí a tó kó wọn jọ sínú ìwé. Shonen Jump, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, ní káàdì kan tí òǹkàwé fi ń sọ ìtàn tí ó wù ú jù. Ìtàn tí káàdì rẹ̀ kò bá pọ̀ tó kì í pẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Òǹkàwé níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń jókòó de oúnjẹ. Ó wà nídìí ààrò pẹ̀lú alásè.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìtàn apanilẹ́rìn-ín kan lórí ilé ẹ̀kọ́ girama gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, èyí ni Azumanga Daioh tí Kiyohiko Azuma yà, tí ó sì kọ. Ó jáde láti ọdún 1999 títí di ọdún 2002. Ojú àwòrán mẹ́rin ni ó ń fi pa ẹ̀fẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta ni àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ lò kí wọ́n tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́, nǹkan bí ọdún mẹ́ta náà sì ni ìtàn náà gbà nínú ìwé àtìgbàdégbà. Ìwé mẹ́rin ni a kọ́kọ́ kó o jọ sí. Ní ọdún 2009, a tún un tẹ̀ ní Jàpáànì ní ìwé mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ní ọdún yìí kan náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde nínú ìwé kan ṣoṣo.

Èrò àwọn tí ó ka irú ìwé àkójọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pín sí méjì. Àwọn kan ní ẹ̀fẹ̀ kan náà ń padà wá jù, pé kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ gidi kan nínú ìtàn. Àwọn mìíràn ní díẹ̀díẹ̀ ni ó yẹ kí a kà á, nítorí pé àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń di ojúlùmọ̀ ẹni, ìjáde wọn ní ilé ẹ̀kọ́ sì ń dunni bí ìgbà tí ará ilé ń lọ sí ìrìn-àjò. Bí a bá wo èrò méjèèjì fínnífínní, a óò rí i pé wọn kò ta ko ara wọn. Ẹ̀fẹ̀ tí ó padà wá lẹ́yìn oṣù kan dà bí ìkíni ọ̀rẹ́. Bí a bá tún bá ẹ̀fẹ̀ yìí kan náà pàdé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwítúnwí lásán ni yóò dà létí wa.

Sẹ̀gilọlá àti Àwọn Òǹkàwé Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní oṣù Keje ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí ń lo Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní aṣẹ́wó ni òun nígbà èwe òun, pé àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun sì ń ròyìn ìgbésí ayé òun kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi kọ́gbọ́n. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, Isaac Babalọlá Thomas, ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fi ara rẹ̀ hàn. Ìtàn náà parí ní oṣù Kẹta ọdún 1930, ó sì di ìwé ní ọdún náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ṣáájú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938.

Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà sí olóòtú. Wọ́n yin ìtàn náà, wọ́n káàánú obìnrin náà, àwọn kan sì gbà á ní ẹni gidi. Ẹ jẹ́ kí a ro ìdí rẹ̀ wò. Nígbà tí Sẹ̀gilọlá bá ní ara òun kò yá, òǹkàwé ọdún 1929 kò mọ̀ bóyá yóò wà láàyè di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní tí ó di ìwé náà mú mọ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti wọn ojú ìwé tí ó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí a sì máa ráhùn pé ìkìlọ̀ kan náà ni Sẹ̀gilọlá ń sọ tí ó tún ń sọ. Kò ronú kan ẹni tí kò rí ìwé ìròyìn rà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tàbí ẹni tí ó ti gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Tìtorí irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ ni àwítúnwí náà ṣe wà. Ohun tí a ń pè ní àbùkù nínú ìwé lè jẹ́ ọgbọ́n nínú ìwé ìròyìn.

Bí a ṣe mọ èyí ni pé àwọn lẹ́tà náà wà nínú ìwé ìròyìn kan náà. Ní ọdún 2012, Karin Barber tún ìtàn náà tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí a kọ nígbà náà tì í. Àkójọ tí ó yẹ kí a máa fara wé nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ láti Kano

Àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Sabon Gari àti Nassarawa GRA ní Kano kò jìnnà sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní èdè Haúsá. Ọjà Sabon Gari wà lára ibi tí a ti ń ta littattafan soyayya, àwọn ìwé ìfẹ́ tí ó gbilẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980. Púpọ̀ nínú wọn ń jáde ní apá kìn-ín-ní, apá kejì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ jù ni In Da So Da Ƙauna, ti Ado Ahmad Gidan Dabino. Àwọn òǹkọ̀wé a máa tẹ àdírẹ́sì wọn sínú ìwé, àwọn òǹkàwé a sì máa kọ̀wé sí wọn.

Níbí ni ewu wà. Ojú ìwé ìròyìn ni àwọn tí ó ní ìwé wọ̀nyí ń ba ọmọ jẹ́ ti sọ tiwọn, ní ọdún 2007, gómìnà ìpínlẹ̀ Kano nígbà náà, Ibrahim Shekarau, sì dáná sun díẹ̀ nínú wọn ní gbangba ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Èrò àwọn alátakò ti di àkọsílẹ̀. Èrò àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó ra ìwé náà wà nínú lẹ́tà tí ó wà nínú àpótí òǹkọ̀wé, níbi tí ikán àti òjò ti lè dé bá a. Bí àwọn lẹ́tà náà bá ṣègbé, ẹnu alátakò nìkan ni ìtàn yóò fi sọ̀rọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ìtàn wa kò bọ́ lọ́wọ́ irú ewu yìí. Atọ́ka, tí ó fi fọ́tò gbé eré àwọn ẹgbẹ́ eléré Yorùbá jáde ní apá-apá láti àwọn ọdún 1960, wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn káàkiri, ẹ̀dà rẹ̀ sì ń di ìwé tí a fi ń pọ́n ẹ̀pà. Àwọn tí ó dúró de apá tí ó tẹ̀lé e nígbà náà ti ń darúgbó. Ohun méjì ni a rò pé ó wà ní ìkáwọ́ àwa olùkọ́. Èkíní, kí a rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn òǹkàwé wọ̀nyí, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí àti ìlú tí wọ́n ti kà á. Èkejì, bí a bá ń kọ́ ìtàn àtẹ̀léra ní kíláàsì, kí a má ṣe gbé odindi ìwé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a fún un ní apá kan ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó rí èyí tí ó tẹ̀lé e. Nígbà náà ni yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwítúnwí tí ó jẹ́ àbùkù àti èyí tí a fi ń kí ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń dúró.